Eré àwọn aláró Abẹ́òkúta: báwo la ṣe máa fi àdìrẹ àti aṣọ òkè ṣe ìtàgé tí kò ní jọ hall ìgbéyàwó?

Àṣàkẹ́_Eléré
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n yín ni mo wá tọrọ. Ẹgbẹ́ wa ń múra eré kan sílẹ̀ tá a máa ṣe ní Abẹ́òkúta, àwa la kọ ọ́ fúnra wa, ó dá lórí àwọn ìyá aláró àti Aláké lọ́dún 1936, nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́sítíìkì, ìyẹn sódà tí wọ́n ń lò nínú aró, àti aró òyìnbó pé wọ́n ń ba àdìrẹ jẹ́, táwọn ìyá ní àwọn ò gbà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ààfin lọ bá ìjọba òyìnbó. Ìtàn yẹn dùn, ìwé eré wa náà ò burú, ìtàgé ló ń dà wá láàmú. Olùdarí wa ní ká lọ ra àdìrẹ rẹpẹtẹ ká fi bo gbogbo ògiri, ká wá fi aṣọ òkè wé àwọn òpó. Mo ní, sà, ṣé eré la fẹ́ ṣe àbí à ń gbé ìyàwó? Ó bínú sí mi, kò burú. Ojú ìtàgé yẹn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24, ó ga tó 15. Láìtì tó wà níbẹ̀ ò ju àwọn LED olówó pọ́ọ́kú yẹn lọ, èyí tó máa ń pàwọ̀ dà, owó ọwọ́ wa náà ò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá mọ aṣọ, ẹni tó bá mọ láìtì, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kó dá sí i jàre.

Fọlá_Káfíńtà
Kẹ́ ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ẹwà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ìró àdìrẹ àtijọ́, aṣọ méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yáàdì méjì ààbọ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ó máa fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, á gùn tó 7 ààbọ̀. Ẹsẹ̀ 24 ní fífẹ̀, ìró mẹ́rin nìyẹn. Ẹsẹ̀ 15 ní gíga, ìlà méjì. Ìró mẹ́jọ péré ti bo ẹ̀yìn yín látòkè délẹ̀, yáàdì 40. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ta á gbọọrọ ni o. Tẹ́ ẹ bá ní kó ṣẹ́po bíi kọ́tìnnì ẹ máa ra ìlọ́po méjì, bátànì ẹ̀ ò sì ní hàn mọ́, owó ti wọgbó nìyẹn. Kí tẹ́lọ̀ rán ojú àpò sí i lókè àti nísàlẹ̀, ọparun gbígbẹ lókè, páìpù irin nísàlẹ̀ kó fà á sílẹ̀ dáadáa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìṣó kan aṣọ mọ́ igi, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń tú u ló máa ya.

ÌyáAláró_Ìtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mi. Inú mi dùn pé ẹ rántí àwọn ìyá wa yẹn. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ro ti ọdún tẹ́ ẹ ń sọ. Lọ́dún 1936 kò sí kampala aláràbarà, kò sí pupa òun yẹ́lò òun àwọ̀ ewé lórí aṣọ kan ṣoṣo, ìyẹn àti alábẹ́là, ẹ̀yìn 1960 ni wọ́n gbòde. Ti àwọn ìyá yẹn, búlúù tó dúdú, búlúù tó mọ́ díẹ̀, àti funfun, ó parí. Oníko tí wọ́n fi ìko dì, alábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ra kí wọ́n tó rì í sínú aró, àti ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi láfún òun álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ ẹ̀. Ẹlẹ́kọ yẹn, ẹ lè fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́, ẹ sì lè gbé páànù tí wọ́n ti gé bátànì sí lé aṣọ lórí kẹ́ ẹ fi ẹ̀kọ yí ojú ẹ̀. Onípáànù ni ti Abẹ́òkúta gan-an, àwọn ọkùnrin ló ń gé páànù yẹn. Ti oníyẹ̀ẹ́ adìẹ, Ìbàdàn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe jù. Torí náà tẹ́ ẹ bá lọ gbé bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn kọ́ sẹ́yìn eré Ẹ̀gbá, pẹ̀lú òpó Mápó lára ẹ̀, àwọn tó mọ aṣọ nínú èrò ìwòran á máa wo ara wọn lójú.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá ni olóba. Ọdún 1935 ni George Karùn-ún ọba òyìnbó pé ọdún 25 lórí oyè, wọ́n gé òun àti Mary ìyàwó ẹ̀ sí páànù, wọ́n fi ṣe àdìrẹ. Ọdún kan péré ṣáájú wàhálà kọ́sítíìkì yẹn! Ẹ wo bó ṣe máa rí, kí àwọn ìyá máa jà nítorí aró wọn, kí àwòrán ọba òyìnbó wà lókè orí wọn, kó sì jẹ́ ọwọ́ àwọn fúnra wọn ló rẹ ẹ́.

Àṣàkẹ́_Eléré
Ìyá mi, ara mi bù máṣọ. Ẹ ṣé gan-an mà. Olóba yẹn wọlé.

Bọ̀dé_Láìtì
Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ aṣọ, ẹ ò tíì mẹ́nu ba láìtì, bẹ́ẹ̀ láìtì ló máa sọ irú aṣọ tẹ́ ẹ ní. Ẹ gbọ́, tẹ́ ẹ bá tan pupa tàbí ọsàn sí àdìrẹ, búlúù ẹ̀ máa di dúdú kirimú, funfun á gba àwọ̀ iná yẹn, bátànì á yọ síta. Tẹ́ ẹ bá wá pa ìyẹn tẹ́ ẹ tan búlúù nìkan, funfun náà á di búlúù, àtòun àti ilẹ̀ aṣọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bátànì á pòórá, á wá dà bíi pé aṣọ yẹn ò ní nǹkan kan lára. Aṣọ kan náà o, ẹ ò sún un, ẹ ò pààrọ̀ ẹ̀. Torí náà, òru tí àwọn ìyá bá ń ṣèpàdé kọ̀rọ̀, búlúù ni kẹ́ ẹ tàn. Nígbà tí wọ́n bá rọ́ lọ sí ààfin, ẹ rọra gbé ọsàn wọlé, ọba George tí ìyá sọ yẹn á máa jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn wọn. LED tẹ́ ẹ ní ti tó fún iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tan yín lọ rẹ́ńtì ńlá.

Ẹ má sì ṣe gbogbo láìtì látiwájú, ó máa jẹ́ kí aṣọ pẹlẹbẹ. Ẹ fi bíi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa gbá ara aṣọ lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá máa lo òfì, aṣọ òkè yẹn, ìgbà yẹn lẹ máa rí òwú tó hun ún.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń fẹ́ kí ẹnì kan gbìyànjú. Aró ẹ̀lú, aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù níwájú èèyàn. Ẹ lè ṣe ìyẹn lórí ìtàgé láìsí aró rárá. Ẹ mú aṣọ tó funfun tàbí tó jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, tí òṣèré bá ti ń fà á jáde nínú ìkòkò, kí láìtì ẹ̀gbẹ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, kó tó tẹ́ ẹ sórí okùn ẹ ti rọra yí i sí búlúù. Ẹ fi páálí ká láìtì yẹn lẹ́nu kó má tàn kọjá aṣọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú òṣèré náà á di àwọ̀ ewé, ẹ̀rín làwọn èèyàn máa rín. LED nìkan ni kẹ́ ẹ fi páálí sí lẹ́nu ṣá o, ẹ má dán an wò lára hálójìnnì, láìtì tó máa ń gbóná yẹn.

ÌyáAláró_Ìtòkú
Ẹni yìí ti dúró ti ìkòkò aró rí, irọ́ kọ́.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn
Mo wá gba ẹnu aṣọ òkè sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fi wé òpó. Ẹtù, sányán, àlàárì, àwọn wọ̀nyí ni àgbà nínú òfì. Ẹ jẹ́ kí ilé àwọn aláró jẹ́ búlúù, kí ààfin jẹ́ àlàárì, pupa yẹn nìkan á ti máa bá búlúù fa wàhálà kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má rán an pọ̀. Bó ṣe ń jáde lórí òfì, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí íńsì mẹ́rin, tẹ́lọ̀ ló ń tò ó pọ̀ di agbádá. Ẹ fi í sílẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ látòkè. Tí ẹ̀gbẹ́ ààfin bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, méjìdínlógún ló máa gbà tí wọ́n bá kan ara wọn, mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ bá fi àlàfo tó fẹ̀ bákan náà sáàárín wọn. Ẹ mú mẹ́sàn-án. Ó dín owó kù, ó sì ní ohun tó ń ṣe: ẹmẹ̀wà lè gba àárín ẹ̀ jáde láì ṣí ilẹ̀kùn, ọwọ́ lásán lè nà jáde gba ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn ìyá, kábíyèsí lè jókòó sẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n máa rí i ní ìlàjì ìlàjì. Ṣebí adé onílẹ̀kẹ̀ náà ń bo ojú ọba.

Ẹ má ra èyí tó ń dán yinrinyinrin tí wọ́n ń gbé lọ sóde àríyá báyìí, iná á máa ta lára ẹ̀ sójú èèyàn, kò sì bá 1936 mu. Ẹ má sì dààmú ara yín lórí sányán gidi olówùú kòkòrò, owó ẹ̀ á pa yín, kò sí ẹni tó máa mọ̀ látorí àga. Àwọn ahunṣọ máa ń ní àṣẹ́kù tí kò tó aṣọ odindi, ẹ lọ béèrè ìyẹn.

Àṣàkẹ́_Eléré
Ọwọ́ tó nà jáde yẹn! Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń rí i. Àmọ́ yáàdì 40 àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi, ẹ̀yin ará, owó dà?

Alákétu_Rere
Ẹ ǹlẹ́ o, Kétu ni mo ti ń kọ̀wé, ní Bẹ̀nẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ rà? Ẹ yá a. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọkùnrin tó máa jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìró àti gèlè àwọn obìnrin ló fi ń di ara ẹ̀, wọ́n á dà á lé ara wọn títí ìbàdí á fi gbòòrò, torí àwọn ìyá wa ni ijó yẹn ń yẹ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe eré nípa àwọn ìyá aláró ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, tí ìró ìyá àgbà ẹni kan ò bá sí lẹ́yìn yín, kí lẹ wá ń ṣe? Ẹ ké sí ilé, ẹ ké sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ké sí mọ́ṣáláṣí, ẹ ní ẹni tó bá ní àdìrẹ àtijọ́ kó gbé e wá. Ẹ fi abẹ́rẹ́ rán orúkọ ẹni tó ni ín sí i létí lórí aṣọ pélébé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níwájú ẹni tó gbé e wá. Mo fẹ́ rí ẹni tí aṣọ ìyá ẹ̀ wà lórí ìtàgé tí kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Fọlá_Káfíńtà
Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ti yí nìyẹn o. Aṣọ àyálò ò ní dọ́gba, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ rán àpò sí aṣọ oníaṣọ. Ẹ jẹ́ ká ta okùn. Òpó igi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, okùn kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mẹ́ta sókè, ẹ fà á kó le dáadáa, ẹ jẹ́ káfíńtà fi igi dábùú ti òpó yẹn lẹ́yìn kó má wọ́ wá síwájú. Aṣọ á kàn gun orí okùn ni, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì igi tí wọ́n fi ń há aṣọ. Kò sí ihò, kò sí ìṣó.

Tísà_Dírámà
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ohun tí Fọlá sọ gbẹ̀yìn yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Okùn yẹn gan-an ni ìtàgé yín! Ẹ jẹ́ kó ṣófo nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Okùn lásán, ìkòkò, òkúta díẹ̀ torí Abẹ́òkúta ni. Kí àwọn òṣèré yín máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa fún aṣọ, kí wọ́n máa sá a, bí wọ́n ṣe ń jà, tí wọ́n ń ṣòfófó, tí wọ́n ń ná ọjà pẹ̀lú àwọn oníṣòwò tó ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gold Coast wá rà á, aṣọ á máa pọ̀ sí i lórí okùn. Nígbà tí ìdajì eré bá fi parí, ojú ò ní rí ẹ̀yìn ìtàgé mọ́. Ìgbà yẹn ni òfin Aláké máa dé, àwọn ọlọ́pàá á wọlé, wọ́n á máa fà á wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, okùn tún di òfo. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi ẹnu ṣàlàyé ohun tí àwọn ìyá yẹn fẹ́ pàdánù tó máa yé èèyàn tó ìyẹn. Olùdarí yín fẹ́ aṣọ púpọ̀, ẹ máa fún un ní aṣọ púpọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tó ń ṣiṣẹ́. Èyí tó kàn rọ̀ sára ògiri látìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kò sẹ́ni tó tún ń rí i mọ́.

Àwọn alárìnjó, eléré ayé àtijọ́ tó ń rìn kiri, ò ní hall, wọn ò ní láìtì, aṣọ ara wọn ni ìtàgé wọn. Eégún aláré á yí bírí, á pa aṣọ dà, inú á di òde, ó ti di nǹkan mìíràn lójú yín níbẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo àwa tá a ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé ti lọ kọ́ṣẹ́ ká tó máa wo Broadway.

Lórí aṣọ àyálò, ẹ gba èyí tó ti ṣá, tó ti gbó, tó ti lẹ̀ pàápàá. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àgbà inú àwọn ìyá yẹn kó wọ èyí tó gbó, kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọ tuntun.

Gbédu1
Ẹ jẹ́ kí eégún gidi jáde síbẹ̀ nígbà tí ààfin bá fẹ́ dẹ́rù ba àwọn obìnrin yẹn. Ibẹ̀ á gbóná! Mo mọ agbo ilé tó lè yá yín ní ẹ̀kú, aṣọ eégún.

Ọmọ_Ọ̀jẹ̀
Gbédu, rọra. Ọmọ ọ̀jẹ̀ ni mí. Ẹ̀kú tí wọ́n ti bọ, tí wọ́n ti pe orúkọ ẹni tó kọjá lọ sí, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yá láti fi ṣeré, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún tẹ́lọ̀ kó wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọgbọ́n aṣọ yẹn, ẹ lọ rán tiyín: aṣọ gígùn pélébé pélébé tó pọ̀, ẹ rán etí kan mọ́ òkè, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi aṣọ aláwọ̀ mìíràn tẹ́ inú ẹ̀, tí òṣèré bá yí, gbogbo ẹ̀ á dìde. Ìyẹn ò jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ pé bàbá lágbájá ló jáde, ẹ má fi ohùn eégún sọ̀rọ̀, ẹ ò ní rí ìjà.

Ṣùgbọ́n kí n sọ tèmi, eré yìí ò nílò eégún. Wọ́n ń jà lórí sódà àti aró. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àṣàkẹ́_Eléré
Mo gbà. Kò sí eégún.

Àdùkẹ́_Peckham
Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ iná o! Níbí ní London, mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ aṣọ ní tíátà, aṣọ tí kò bá ní ìwé pé wọ́n ti fi oògùn tí kì í jẹ́ kó gbiná sí i, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e gba ẹnu ọ̀nà. Aṣọ olówùú tó rọ̀ gbọọrọ, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí níwá lẹ́yìn, tó bá gbiná nísàlẹ̀ kó tó pẹ́ ó ti dókè. Èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ lè fi bórásì àti boric acid po omi gbígbóná, ẹ fọ́n ọn sí i títí á fi rin, ẹ sá a kó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fọ aṣọ yẹn, oògùn ti lọ, ẹ tún un ṣe. Ẹ gé díẹ̀ létí ẹ̀, ẹ gbé e lọ síta, ẹ fi iná sí i nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó fọkàn tán an. Àmọ́ ẹ má fọ́n ohunkóhun sí aṣọ àyálò, ó lè mú kí aró ẹ̀ yí padà tàbí kó fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀, kí lẹ máa sọ fún ìyá olóyè tó gbé e fún yín? Ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ sí iná gidi rárá lórí ìtàgé yín. Kò sí fìtílà, kò sí ààrò, kò sí sìgá fún òyìnbó inú eré. Hálójìnnì kankan ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ aṣọ. Garawa iyanrìn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun ìpaná lọ́wọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fà á, kí ẹni yẹn má sì kúrò níbẹ̀ lọ ra gúgúrú.

Bọ̀dé_Láìtì
Ti fìtílà, ẹ ra gílóòbù kékeré tó ń lo bátìrì tó ń ṣẹ́jú, ẹ tì í bọnú fìtílà gidi. Látibi tí èrò ìwòran jókòó sí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Tèmi_Tayọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, àwọn òṣèré máa wọ bùbá funfun, ṣé àdìrẹ tuntun ò ní lé aró sí wọn lára? Ẹnì kan ní ká fi iyọ̀ àti fínégà rẹ ẹ́ mọ́jú.

ÌyáAláró_Ìtòkú
Iyọ̀ ò ṣe nǹkan kan fún aró ẹ̀lú, fínégà náà ò ṣe nǹkan kan, ẹ fi se ọbẹ̀. Aró tó wọ inú òwú ti wọ̀ ọ́, èyí tó ń lé yẹn, ojú aṣọ lásán ló wà, kò rí ibi wọ̀. Omi ni oògùn ẹ̀. Ẹ ṣàn án, ẹ ṣàn án, títí omi á fi mọ́, kẹ́ ẹ wá mú aṣọ funfun tó rin kẹ́ ẹ fi ra á lára wò. Tó bá ṣì ń yọ, ẹ tún ṣàn án. Kí ìyẹn ti parí kí rìhásà aláṣọ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Láyé àtijọ́ tí aṣọ bá gbẹ, wọ́n á fi kùmọ̀ igi lù ú títí á fi máa dán. Èyí tó máa wà lórí okùn, ẹ má lù ú, láìtì Bọ̀dé á máa kọ lára ẹ̀. Ìró ìyálóde nínú eré yín ni kẹ́ ẹ lù, kí dídán yẹn jẹ́ tiẹ̀ nìkan, owó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ti ìkòkò ńkọ́? Ẹ má kàn to ìkòkò kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe omi eérú, ìkòkò méjì ló ń gun ara wọn, ti òkè ní ihò nídìí, eérú kún inú ẹ̀, wọ́n á bu omi lé e, á máa kán tó, tó, tó sí ti ìsàlẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n ń rẹ ewé ẹ̀lú tí wọ́n ti gún sí. Ọjọ́ pípẹ́ ni kó tó di aró. Kọ́sítíìkì dé, ó gé gbogbo ìyẹn kúrú, ìdí tí àwọn ìyá fi di í mú nìyẹn, ìdí náà sì ni ààfin fi ní ó ń ba ọjà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí omi yẹn máa kán gidi níbẹ̀rẹ̀ eré, ẹ gbé maikirofóònù kékeré sí i nídìí. Ọjọ́ tí ìyá kan bá gbé agolo sódà wọlé, kó gbé ìkòkò òkè yẹn sọ̀ kalẹ̀. Agolo òfo ni o! Ẹ má gbé sódà gidi sún mọ́ ọmọ ènìyàn kankan lórí ìtàgé, ó ń bó ara.

Tísà_Dírámà
Ìyá, ẹ̀yin ló yẹ kó darí eré yìí.

ÌyáAláró_Ìtòkú
Ẹ san owó mi kíá.

Àṣàkẹ́_Eléré
Mo ti kó gbogbo ẹ̀ ka fún olùdarí wa lórí fóònù. Kò sọ pé òun gbà, ó kàn ní "okùn yẹn, ta ló máa ta á?" Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ti ń mú aṣọ wá lálẹ́ àná, ẹnì kan gbé oníko kan wá tó ti gbó débi pé ẹ lè rí ọwọ́ yín níwájú ẹ̀, tí láìtì bá wá láti ẹ̀yìn báyìí, ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé, ẹ máa ké. Ohun tó kù ni olóba. Mo wá a dé Ìtòkú, èyí tí wọ́n kó fún mi, títẹ̀ ni, ti ilẹ̀ òkèèrè, ojú kan ló ní àwọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ funfun. Ẹni tó ń tà á fẹ́ fi búra fún mi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é.

ÌyáAláró_Ìtòkú
Àwọn tó ń gé olóba báyìí ò pọ̀ mọ́. Àwọn mùsíọ̀mù ìlú òyìnbó tọ́jú ẹ̀, àwòrán ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta kẹ́ ẹ gbé e tọ agépáànù lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé nìkan lẹ fẹ́ ẹ fún, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ láró.

Fọlá_Káfíńtà
Èmi máa gé e. Páálí líle ti tó, páànù ò pọn dandan, aṣọ kan péré ni. Ẹ ra kálíkò, ẹ fi ọ̀dà olómi búlúù tó dúdú kùn ún, ẹ bu omi sí i kó má bàa le kó sì máa sán. Tó bá ti gbẹ, a gbé páálí lé e, a fi kànrìnkàn tẹ ọ̀dà kejì sí i. Kì í ṣe funfun o, ìyẹn ni gbogbo wọn máa ń ṣe tó fi ń jọ pátákó ìpolówó. Ẹlẹ́kọ gidi kì í funfun báláú, aró máa ń rìn wọ abẹ́ ẹ̀kọ. Ẹ po búlúù díẹ̀ mọ́ funfun yẹn, kó dọ́gba pẹ̀lú àwọn aṣọ àyálò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tí Bọ̀dé bá tan ọsàn ẹ̀ òun nìkan lá máa pariwo. Ẹ fi ìwọ̀n ojú ọba yẹn ránṣẹ́ sí mi, bó ṣe máa fẹ̀ tó lẹ fẹ́. Ọjọ́ Sátidé mo wà ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀.

Bọ̀dé_Láìtì
Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ó kéré tán, LED yẹn ò ní mú ohun kékeré jáde láti ibi tí mo máa so ó mọ́.